Èdè Dákẹ́, Orúnkún Ló Sọ̀rọ̀

"Ó ti dé." Ta ló dé? Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjerò, ẹni tó wà nínú yàrá kò lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dé tàbí obìnrin. "Ó" kan náà là ń lò fún ọmọge, fún géńdé, fún ewúrẹ́ àti fún ọkọ̀ akérò. Ẹ̀gbọ́n kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo; àbúrò kò sọ ọ́; ọmọ kò sọ ọ́. Ohun tí èdè Yorùbá kò gbà kéèyàn ṣì ni ọjọ́ orí. Ẹni tó bá fi "ó" pe ẹni tó yẹ kó fi "wọ́n" pè ti ṣẹ̀, gbogbo ilé á sì gbọ́ ọ.

Èyí ló ń mú kí àwọn kan máa sọ pé Yorùbá àtijọ́ kò ka akọ tàbí abo sí rárá. Mi ò gbà á tán. Èdè dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí èdè kò sọ, ara la gbé e lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọmọ Èkìtì ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkùnrin àti bí wọ́n ṣe ń ṣe obìnrin, kó fi gírámà sílẹ̀, kó wo orúnkún.

Ibì kan ṣá wà tí ẹnu ti kọ́kọ́ ń sọ ọ́, oríkì àbísọ ni. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ kì í sábà fi nǹkan kan hàn: Olúwaṣeun lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, Táíwò àti Kẹ́hìndé náà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìkómọ fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀ nígbà kan rí, ọjọ́ keje fún obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ fún ìbejì, kó tó di pé ọjọ́ kẹjọ kárí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń jí ọmọ láàárọ̀. Àbẹ̀kẹ́, Àjíkẹ́, Àṣàkẹ́, Àmọ̀kẹ́: "kẹ́" ló wà nídìí gbogbo wọn, ẹni tí a ó máa kẹ́. Àjàní, Àjàmú: ẹni tí a jà kí a tó ní, ẹni tí a jà mú. Kì í ṣe gbogbo oríkì ló rí bẹ́ẹ̀ o, Àyọ̀ká kò ní "kẹ́" nínú, obìnrin sì ni. Síbẹ̀, ọmọ tí kò tíì lè jókòó ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ bóyá ìkẹ́ ló bá wá sáyé tàbí ìjà.

Ọmọ náà kì í tíì pé ọdún mẹ́ta tí ìkíni á ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ìdí fún un. Bó bá jẹ́ obìnrin, ẹni tó wà nítòsí á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e léjìká, á rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí orúnkún méjèèjì á fi kanlẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, ọwọ́ á lọ sẹ́yìn ọrùn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ síwájú, ọmọ á fi ọwọ́ méjèèjì gúnlẹ̀, á sùn gbalaja. Àárọ̀ ọ̀la, wọ́n á tún un ṣe. Tó bá fi máa pé ọmọ ọdún márùn-ún, kò sí ọwọ́ tó ń kan èjìká rẹ̀ mọ́. Ìró bàtà àgbà lẹ́nu ọ̀nà ti tó.

Ìkúnlẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orúnkún méjèèjì á kanlẹ̀ pa pọ̀, ọwọ́ á wà lórí itan tàbí kó so pọ̀ lẹ́yìn, ojú á wolẹ̀. Ọmọ kì í dìde títí àgbà á fi dáhùn. Bí àgbà náà bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń béèrè bàbá, ìyá àti ewúrẹ́ ilé, orúnkún á dúró gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orúnkún kan ṣoṣo kò tó, ó dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga. Ọmọ tó ru omi kì í kúnlẹ̀, á kàn tẹ orúnkún díẹ̀, àgbà tó gbọ́n ló sì máa ń tètè sọ pé "dìde, ẹrù wà lórí rẹ". Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ń gbé omi fún àlejò mu, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lára ife.

Ti ọkùnrin gba agbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e kúrú. Fìlà á kọ́kọ́ ṣí. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì á kanlẹ̀, ẹsẹ̀ á nà sẹ́yìn, àyà á kanlẹ̀. Bí àyà kò bá kanlẹ̀, kò tíì dọ̀bálẹ̀. Ohun tí a ń rí lójú pópó Adó báyìí ni ọkùnrin tó tẹ̀ síwájú, tó fi ìka ọwọ́ ọ̀tún na ilẹ̀ bí ẹni tí owó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ti nàró kó tó sọ "ẹ kú iṣẹ́ sà" tán. Ṣòkòtò funfun ló fà á, àti ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó wá fẹ́ ọmọ wọn ni wọn kò ti gbà á.

Nídìí ìdána ni ìdọ̀bálẹ̀ gidi kù sí. Ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á to ara wọn ní ìlà níwájú òbí ìyàwó, gbogbo wọn á sùn gbalaja nínú aṣọ òkè tí wọ́n fi owó ńlá rán. Ta ló ń pàṣẹ fún wọn? Obìnrin ni. Alága ìjókòó, tó ń ṣojú ilé ìyàwó, ló di máíkù mú, tó ń sọ pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, pé ẹnì kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún kò fi àyà kanlẹ̀, kó sanwó ìtanràn. Alága ìdúró, tó ń ṣojú ilé ọkọ, á máa bẹ̀bẹ̀, á máa dúnàá dúrà. Obìnrin lòun náà. Ọwọ́ wọn ni ìwé ẹrù ìyàwó wà: iṣu 42, orógbó 42, obì 42 ní ọ̀pọ̀ ilé, pẹ̀lú oyin, iyọ̀, ataare àti èyí tí ẹbí bá tún kọ sí i. Iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí ni. Bí ìyàwó bá sì wọlé, òun náà á kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́dọ̀ òbí tirẹ̀ àti lọ́dọ̀ òbí ọkọ. Ẹni tó bá wo gbọ̀ngàn náà dáadáa á rí i pé gbogbo ara ibẹ̀ ló ń sọ ọkùnrin àti obìnrin, pé ẹni tó sì ń tọ́ wọn sọ́nà lórí ìdúró ni ẹ̀dá méjì tó wé gèlè gìrìwò.

Bí ọmọ bá ṣì í ńkọ́? Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń bá a wí. Ọmọbìnrin tó yẹsẹ̀ jókòó á gbọ́ "pa ẹsẹ̀ rẹ dé". Èyí tó ń súfèé á gbọ́ pé obìnrin kì í súfèé. Ìbáwí ni, ó sì parí síbẹ̀. Ọmọkùnrin tó sunkún, tó fọwọ́ lé ìbàdí sọ̀rọ̀, tó bá wọn tẹ ten-ten, ìbéèrè kan ló ń gbọ́: "Ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Ten-ten ọ̀hún kò sì ní nǹkan abo kan lára. Ọmọ méjì á kojú síra, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ sí orin, wọ́n á fò, wọ́n á ju ẹsẹ̀ síwájú. Bí ẹsẹ̀ bá bára mu ẹnì kan ló jẹ, bí kò bá bára mu ẹnì kejì ló jẹ. Ó gba ojú tó yá àti ìṣirò bíi bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ló sọ ọ́ di eré obìnrin.

"Obìnrin bí ọkùnrin" ìyìn ni ní Èkìtì. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ìyá tó kọ́lé, fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Adó dé Èkó. Ẹ yí i padà, "ọkùnrin bí obìnrin", ẹ ó rí i pé ìjà ti dé. Ọmọbìnrin lè gòkè lọ bá iṣẹ́ ọkùnrin kí wọ́n sì yìn ín, ọmọkùnrin kò ní ọ̀nà tó fi lè sọ̀kalẹ̀ láìtẹ́. Mo rò pé ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin fi ń pariwo ju ti ọmọbìnrin lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọmọbìnrin ló gùn jù. "Akọ igi kì í ṣoje" ni wọ́n ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò. Igi tí kò bá ṣoje ti gbẹ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn kún un.

Ti iṣẹ́ ilé, Èkìtì dà á rú díẹ̀, iyán ló fà á. Ilé tí wọ́n ti ń jẹ iyán lójoojúmọ́ kò lè sọ pé iṣẹ́ obìnrin nìkan ni odó. Ọmọkùnrin tó bá ti lè gbé ọmọ odó á gún un. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe pín in: iṣu funfun á jinná títí ọ̀bẹ fi ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa bù ú sínú odó díẹ̀díẹ̀ bó ṣe gbóná, ọmọkùnrin á kọ́kọ́ fọ́ ọ jẹ́jẹ́ kó tó wá fi agbára sí i. Obìnrin tó jókòó ti odó ló ń fi ọwọ́ kó èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín láàárín ìgbà tí ọmọ odó lọ sókè àti ìgbà tó ń bọ̀ nílẹ̀. Òun ló ń wọ́n omi gbígbóná sí i. Bí iṣu bá ti tutù kí wọ́n tó gún un, kókó á gbòde. Bí omi bá pọ̀ jù, iyán á dẹ̀ rẹ̀gẹ̀rẹ̀gẹ̀, kò ní ṣe é bù. Ọkùnrin ló ni apá, obìnrin ló ni "ó ti kúnná, ó tó". Bí wọ́n bá wá kan ọbẹ̀, wọ́n á rán ọmọkùnrin níṣẹ́ lọ síta, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe dàgbà láìmọ ìgbà tí ẹ̀gúsí ń dì. Ẹ sì dé ilé oúnjẹ ní Adó: géńdé ọkùnrin ni wọ́n gbà síbẹ̀ láti máa gún iyán láti àárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá obìnrin ni. Owó oṣù ti wọ̀ ọ́.

Lóko, ebè kíkọ jẹ́ ti ọkùnrin, igba ebè ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́. Ẹ̀fọ́, ìkórè àti gbígbé ẹrù wálé jẹ́ ti obìnrin. Ọkùnrin á gbé igi lé èjìká, obìnrin á fi òṣùká ru tirẹ̀. Gàrí, láti bíbó dé yíyan, obìnrin ni, àfi ibi ẹ̀rọ ìlọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ bá ti wọlé, ọkùnrin á tẹ̀lé e wọlé. Ìkòkò mímọ ní Ìṣàn-Èkìtì ò ní ẹ̀rọ kankan, ọwọ́ obìnrin ló sì wà títí dòní. Obìnrin ló ń hun kíjìpá lórí òfì tó nàró, aṣọ rẹ̀ fẹ̀. Ọkùnrin ló ń hun aṣọ òkè lórí òfì tó nà gbọọrọ nílẹ̀, aṣọ rẹ̀ tín-ín-rín. Òwú kan náà, ìjókòó ló yàtọ̀.

Títí di ibi yìí, ó lè dà bí ẹni pé nǹkan rọrùn: ọkùnrin báyìí, obìnrin báyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó tuntun wọlé, gbogbo rẹ̀ á dojú rú. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rin lè jẹ́ ọkọ. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú agbo ilé náà kí ìyàwó tó wọ ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo. Ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n fi ń kà á: ọmọ tí wọ́n bí ní àná ìgbéyàwó ju ìyàwó lọ, èyí tí wọ́n bí ní ọ̀la rẹ̀ kéré sí i. Kò gbọ́dọ̀ pe àwọn ọkọ wọ̀nyí lórúkọ. Ó ní láti wá orúkọ àpọ́nlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Akọ̀wé fún èyí tó ń lọ síléèwé, Ìbàdíàrán fún èyí tó rẹwà, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ fún èyí tó tín-ín-rín, Bàbá Kékeré fún ọmọ tó jọ bàbá ọkọ. Ibi tí ìyàwó tó dàgbà nílùú ńlá ti ń ṣì í nìyí. Á kúnlẹ̀ dáadáa fún bàbá ọkọ, á wá pe àbúrò ọkọ tó jẹ́ obìnrin ní Bùsọ́lá gbàgàdà, á sì máa ṣe é ní kàyéfì pé ojú ilé yí padà. Àwọn obìnrin ilé yẹn kò bínú sí i gẹ́gẹ́ bí obìnrin sí obìnrin. Ọkọ ni wọ́n.

Ogún náà kò tẹ̀lé ohun tí orúnkún sọ. Ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, iye ìyàwó bàbá ni wọ́n fi ń pín in, ìdí ìyá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe akọ ọmọ.

Ẹni tó mọ gbogbo èyí, tó sì fi ọ̀bẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ni Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó kan fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà ńlá kan ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, adé wà lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ayaba àgbà dúró sí, ó nàró gbagidi, ó ga ju ọba lọ. Nísàlẹ̀, lẹ́sẹ̀ ọba, ìyàwó kékeré kan kúnlẹ̀. Obìnrin méjì lórí igi kan ṣoṣo: ọ̀kan kò tilẹ̀ tẹ orúnkún, èkejì ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Bí ẹ bá ka òpó yẹn sí ère ọkùnrin àti obìnrin nìkan, ẹ ò rí ohun tó gbẹ́.

Ààfin náà ni gbogbo ènìyàn ti lè rí i gbangba pé ohun tí wọ́n kọ́ ara, wọ́n lè tún un kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe adélé títí wọ́n á fi yan ọba tuntun, ó lè gba oṣù díẹ̀, ó lè gba ọdún. Kì í ṣe ẹni tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ ni wọ́n ń wá. Láti ọjọ́ tó bá ti jẹ adélé, gèlè kúrò lórí, fìlà tàbí adé ìlẹ̀kẹ̀ ló kàn. Ìró kúrò nídìí, ṣòkòtò àti agbádá ló kàn. Kábíyèsí ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìjòyè tó lè bí i lọ́mọ á dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, òun kì í kúnlẹ̀ fún wọn.

Aṣọ ni ìdẹ̀rùn inú rẹ̀. Bí yáàdì 10 á gbé agbádá, bùbá àti ṣòkòtò; telà á wọn èjìká, ọrùn, apá àti gígùn, kò ní wọn ọmú, kò ní fún ìbàdí. Wíwọ̀ ọ́ ni ẹ̀kọ́. Apá agbádá á máa yọ̀ bọ́ lórí èjìká ṣáá, èèyàn á na apá sí ẹ̀gbẹ́, á ká a lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, á dá a padà sórí èjìká láìwo ibẹ̀. Ọkùnrin ti kọ́ ọ látìgbà tó ti ń wo bàbá rẹ̀, adélé ní láti kọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni orúnkún. Orúnkún tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti ọmọ ọdún méjì fẹ́ tẹ̀ fúnra rẹ̀ bí àgbà bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí telà tó lè bá a tún ìyẹn rán. Ẹ fi èyí wé ilé ìjọba Èkìtì: Fúnmiláyọ̀ Ọláyínká di igbákejì gómìnà ní 2010, Mónisádé Àfúyẹ di i ní 2022, Bùnmi Adélugba di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún kan náà, kò sẹ́ni tó ní kí èyíkéyìí nínú wọn wọ agbádá kó tó búra. Ìtẹ́ ló ń béèrè aṣọ ọkùnrin. Ọ́fíìsì ò bìkítà.

Ohun kan tó kù, tí mo rò pé ó le ju agbádá lọ, ni òjá. Ìyá á tẹ̀ síwájú kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Á gbé ọmọ gba abẹ́ apá sẹ́yìn, ikùn ọmọ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ á yà sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí méjèèjì. Aṣọ á bò ó dé abẹ́ ọrùn, wọ́n á fún un lókè ọmú, wọ́n á kì í bọ abẹ́ apá. Òjá á wá gba abẹ́ ìdí ọmọ, wọ́n á so ó níwájú ikùn. Bí òjá bá gba àárín ẹ̀yìn ọmọ dípò abẹ́ ìdí, ọmọ á máa yọ̀ sílẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á sì bọ́ sí àyà ìyá. Bí aṣọ bá bo imú rẹ̀, ewu ni. Ọmọbìnrin ti ń fi ìgò, ṣùkù àgbàdo àti sálúbàtà kọ́ èyí láti ọmọ ọdún mẹ́rin, pẹ̀lú ìborùn ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń pọ̀n ṣùkù àgbàdo, títí di ọjọ́ tí ẹnì kan á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ní aago méjì òru, ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, bàbá dúró sí àárín yàrá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀.

Àwọn bàbá ọ̀dọ́ kan ní Adó ti dá ọgbọ́n sí i báyìí. Wọ́n ra báàgì ìgbọ́mọ tó ní bẹ́líìtì àti ìkọ́, wọ́n á gbé ọmọ kọ́ àyà, wọ́n á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn ìyá àgbà á sì máa kí wọn pé ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ kan náà ni, ìwúwo kan náà. Ẹ ní kí bàbá náà tú u, kó fi òjá pọ̀n ọ́n dé ilé: á ní rárá o, báàgì ni tòun.